Ta Ló Ran Ta Lọ́wọ́? Owó Kòkó Ilẹ̀ Yorùbá àti Ọ̀rọ̀ Ìrànlọ́wọ́ Àwọn Orílẹ̀-Èdè Ọlọ́rọ̀

Ìfáárà

Ìbéèrè tí a gbé kalẹ̀ fún àpérò yìí ni pé: ǹjẹ́ ó yẹ kí àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ máa ran àwọn orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè lọ́wọ́ láti gbógun ti ìṣẹ́? Bí a bá gbé ìbéèrè náà síwájú àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé, wọn yóò bèèrè bóyá owó náà ń ṣiṣẹ́. Bí a bá gbé e síwájú àwọn oníwàásù, ọ̀rọ̀ àánú ni wọn yóò sọ. Iṣẹ́ tiwa gẹ́gẹ́ bí òpìtàn kò dùn ún gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìwé owó àtijọ́ ni a ń tú wò, kí a tó gbà pé ẹni tí a ń pè ní olóore jẹ́ olóore lóòótọ́.

Nínú pépà yìí, a fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wò, ìyẹn ni owó kòkó ilẹ̀ Yorùbá láti 1937 títí di ìgbà tí Bọ́ọ̀dù Kòkó bọ́ sí ọwọ́ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954, àti díẹ̀ nínú ohun tó tẹ̀lé e. Ìdí tí a fi mú kòkó ni pé àsìkò yìí gan-an ni ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin dá owó ìrànlọ́wọ́ ńláńlá sílẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Owó kan ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀. Owó mìíràn ń ti Ìbàdàn, Oǹdó àti Iléṣà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tó kọ̀wé nípa èkíní kì í sábà mẹ́nu ba èkejì. Èrò wa ni pé a kò lè dáhùn ìbéèrè àpérò yìí bí a kò bá kọ àwọn méjèèjì sí ojú ewé kan náà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ronú sí iṣẹ́ alájọ. Ẹni tó ń dá àjọ ń fi owó lé alájọ lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Ní òpin oṣù, alájọ yóò yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí èrè iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì kó ìyókù fún olówó. Kò sí ẹni tó ń pe owó tí alájọ kó padà ní ọrẹ. Bí alájọ kan bá wá fi owó àjọ gbọ́ bùkátà tirẹ̀ fún ọdún méje, tó sì ń ra aṣọ fún ọmọ olówó lọ́dọọdún láàárín ìgbà náà, a lè dúpẹ́ aṣọ, ṣùgbọ́n a ó ṣì bèèrè àjọ. Àfiwé yìí kò bá ọ̀rọ̀ tiwa mu tán, a ó sì rí ibi tó ti yẹ̀; síbẹ̀ ó wúlò láti fi bẹ̀rẹ̀.

Láti Ọwọ́ Ilé-Iṣẹ́ sí Ọwọ́ Ìjọba

Ní 1937, àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra kòkó ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nínú wọn ni UAC, John Holt àti Cadbury wà, dìmọ̀ pọ̀ pé àwọn kò ní máa bá ara wọn du kòkó mọ́. Ohun tí ìdìmọ̀ yìí túmọ̀ sí lójú àgbẹ̀ ni pé ibikíbi tó bá gbé kòkó rẹ̀ lọ, iye kan náà ni yóò bá níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Gold Coast, èyí tí í ṣe Ghana lónìí, kọ̀ láti ta kòkó wọn láti oṣù Kọkànlá 1937 títí di oṣù Kẹrin 1938. Ní Nàìjíríà, ẹgbẹ́ Nigerian Youth Movement gbé ohùn sókè lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rán Ìgbìmọ̀ Nowell wá láti wádìí, àbọ̀ ìwádìí wọn sì jáde ní 1938. Ìgbìmọ̀ náà kò fara mọ́ ìdìmọ̀ àwọn oníṣòwò. Wọ́n dámọ̀ràn pé kí àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn para pọ̀ láti máa ta ohun tí wọ́n gbìn.

A kò mú ìmọ̀ràn náà lò. Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀ ní 1939, ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì pinnu láti ra gbogbo kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó dìmọ̀ pọ̀ ní 1937 kan náà ni ìjọba fún ní ìwé àṣẹ láti máa bá a rà á, tí a sì fi ìwọ̀n ohun tí kálukú wọn ń rà kí ogun tó dé pín iṣẹ́ fún wọn. Ohun tí Ìgbìmọ̀ Nowell bá wí nígbà tó wà lọ́wọ́ oníṣòwò ti di ètò ìjọba láàárín ọdún kan. Ní 1942, àjọ tó ń ṣe àkóso kòkó tún gba àkóso àwọn irè oko mìíràn kún un, orúkọ rẹ̀ sì di West African Produce Control Board.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ níhìn-ín pé ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà láti ru àdánù bí àdánù bá wà. Ọkọ̀ ojú omi ṣọ̀wọ́n, ọjà Yúróòpù ti pàdánù, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bí ogun yóò ṣe parí. Láìpẹ́, èrè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Nínú ìwé tí ìjọba náà gbé síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1944 àti 1946, wọ́n ṣèlérí pé àwọn kò ní mú èrè yìí fún ara wọn, pé a ó lò ó fún ire àwọn àgbẹ̀ tó ni kòkó. Orí ìlérí yìí ni a dá Bọ́ọ̀dù Kòkó Nàìjíríà sílẹ̀ lé ní 1947. Iṣẹ́ tí wọ́n ní Bọ́ọ̀dù yóò ṣe rọrùn láti sọ: ní ọdún tí ọjà ayé bá ga, yóò fi díẹ̀ pamọ́, ní ọdún tí ọjà bá wó, yóò fi ohun tó pamọ́ gbe àgbẹ̀ ró.

Bàbá tó bí bàbá mi dáko kòkó ní apá Oǹdó. Títí ó fi kú, kò yé sọ pé “Bọ́ọ̀dù ló dá iye bẹ́ẹ̀,” bí ẹni pé Bọ́ọ̀dù jẹ́ ènìyàn kan tó ń gbé ìlú tí ẹnikẹ́ni kò dé rí. Kò jìnnà sí òtítọ́. Àgbẹ̀ kò rí Bọ́ọ̀dù. Ẹni tó rí ni onísíkéèlì abúlé, ẹni tó ti yá a lówó nínú oṣù Kẹfà, tí yóò sì fi kòkó gba owó rẹ̀ padà nígbà ìkórè. Nígbà mìíràn, igi kòkó fúnra rẹ̀ ni àgbẹ̀ fi ń dógò. Ẹ jẹ́ kí a fi àwòrán yìí sọ́kàn: ẹni tó ní owó púpọ̀ nípamọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń yá owó èlé lábúlé.

Owó Náà ní Lọ́ńdọ̀nù

Lẹ́yìn ogun, iye kòkó ní ọjà ayé ga ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Bọ́ọ̀dù kò jẹ́ kí àgbẹ̀ rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní ìkórè 1947 sí 1948, iye tí a san fún àgbẹ̀ Nàìjíríà lórí tọ́ọ̀nù kòkó kan kò tó ìdajì ohun tí a tà á lókè òkun. Gerald Helleiner, nínú ìwé tó kọ nípa àwọn àgbẹ̀ àti ìjọba Nàìjíríà ní 1966, ṣe ìṣirò ohun tí Bọ́ọ̀dù àti owó-orí ọjà òkèèrè jọ yọ kúrò lára owó tó yẹ kí àgbẹ̀ kòkó gbà láti 1947 sí 1954. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Kò sí oníṣẹ́ oṣù kan ní Nàìjíríà ìgbà náà, dúdú tàbí funfun, tí a ń gba irú owó-orí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti orí kọ́bọ̀ àkọ́kọ́ tó bá rí.

Níbo ni owó náà wà? A fi ra ìwé gbèsè ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lórí èlé tí kò tó nǹkan. Ní èdè tó ṣe kedere, àgbẹ̀ kòkó ń yá ìjọba Lọ́ńdọ̀nù lówó. Òun nìkan kọ́. Àjọ tó ń ṣe àkóso owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1912, ń tọ́jú ìwé gbèsè irú èyí ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ṣílè tí a ń ná ní ọjà wa, ètò yìí sì wà títí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1959. Yàtọ̀ sí èyí, Amẹ́ríkà ń fi dọ́là ra kòkó, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń wá dọ́là lójú méjèèjì lẹ́yìn ogun. Dọ́là kòkó wọ inú àpò kan tí Lọ́ńdọ̀nù ń ṣọ́. Pọ́n-ùn ni a kọ sílẹ̀ fún wa.

Ní oṣù Kẹsàn-án 1949, ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dín iye pọ́n-ùn kù láti dọ́là 4.03 sí dọ́là 2.80. Ẹnikẹ́ni tó ní pọ́n-ùn nípamọ́ lọ́jọ́ náà pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ohun tí ì bá fi rà ní ọjà dọ́là. Àwọn àgbẹ̀ wa wà lára àwọn tó pàdánù, a kò sì bi wọ́n léèrè. Ibí yìí ni àfiwé alájọ wa ti lágbára jù, nítorí pé alájọ tó bá dá owó padà lẹ́yìn tí owó náà ti joro kò dá a padà tán.

Owó Tó Ń Bọ̀ Wá Sílé

Ẹ jẹ́ kí a wá yí ojú ewé náà padà. Òfin àkọ́kọ́ tí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lórí owó ìdàgbàsókè àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni ti 1929. Kò ju £1 mílíọ̀nù lọ lọ́dún fún gbogbo wọn, òfin náà kò sì fi pamọ́ pé ara ohun tí òun ń lépa ni láti ran òwò àti iṣẹ́ ọwọ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, nítorí àìríṣẹ́ṣe ti gba ìlú wọn kan. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn erékùṣù West Indies láàárín 1935 sí 1938, wọ́n ṣe òfin mìíràn ní 1940, tó gba £5 mílíọ̀nù láàyè lọ́dún. Òfin 1945 ló gbòòrò jù: £120 mílíọ̀nù fún ọdún mẹ́wàá. Nínú Ètò Ọdún Mẹ́wàá tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ní 1946, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí £55 mílíọ̀nù, £23 mílíọ̀nù ni a retí láti inú owó òfin yìí. Àwa ni a ó wá ìyókù.

Ojú ewé kan náà, iye méjì: £120 mílíọ̀nù ni Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì là sílẹ̀ fún gbogbo àwọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ láti fi ná fún ọdún mẹ́wàá, nígbà tí ọdún mẹ́wàá náà ń lọ sí òpin ní 1955, owó tí àwọn ilẹ̀ náà ní nípamọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ti ju £1,000 mílíọ̀nù lọ.

Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, jẹ́ ibi kan tí owó méjèèjì ti pàdé. Owó òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ilé rẹ̀, owó Bọ́ọ̀dù Kòkó náà sì wà nínú rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ohun tí a ti kà nípa ìbẹ̀rẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, èkíní ni a ń pè ní ọrẹ, èkejì ni a ń pè ní ìnáwó Bọ́ọ̀dù. Bí a bá ń wá olóore nínú àwọn méjèèjì, kò yẹ kí ó ṣòroó rí.

Kì í ṣe gbogbo owó tó ti òkè òkun wá ni ó sì ṣe ohun tí wọ́n sọ pé yóò ṣe. Ètò ẹ̀pà Tanganyika, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947 nítorí òróró tí àwọn ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ jẹ, ti wó pátápátá nígbà tó fi di 1951, nǹkan bí £36 mílíọ̀nù sì bá a lọ. Èyí tó sún mọ́ wa ni oko ńlá tí wọ́n dá ní Mókwà ní 1949, èyí tí òun náà forí ṣánpọ́n ní 1954. Katakata ni wọ́n gbé wá. Wọn kò kọ́kọ́ bi àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ léèrè bí ilẹ̀ náà ṣe rí.

Àtakò Tí A Lè Gbé Dìde

Àtakò àkọ́kọ́ ni pé owó tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe owó tí a jí. Orúkọ wa ni a kọ sí i, a sì gbà á padà. A gbà bẹ́ẹ̀, ibí sì ni ọ̀rọ̀ alájọ ti yẹ̀: owó ìrànlọ́wọ́ fúnra rẹ̀ ti ọwọ́ àwọn tó ń san owó-orí ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, kò ti inú àpò kòkó wá. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé Lọ́ńdọ̀nù kó owó kòkó jẹ ti ṣe àsọdùn. Ohun tí a jẹ wá, a jẹ wá nínú ọdún tí a fi dúró: èlé tó kéré, pọ́n-ùn tó joro, iye ọjà tó ń gòkè nígbà tí owó sùn, àti àǹfààní tí àgbẹ̀ ì bá fi owó rẹ̀ rí nígbà tó ṣì lágbára láti gbin igi tuntun.

Àtakò kejì lágbára ju èyí lọ. Wọ́n ní lẹ́yìn ogun, kò sí ọjà lórí àtẹ. Bí a bá ti kó gbogbo owó fún àgbẹ̀, aṣọ àti irin ìbá kàn wọ́n sí i ni. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Kò ṣàlàyé 1951, nígbà tí ọjà ti padà sórí àtẹ. Kò sì ṣàlàyé ìdí tó fi jẹ́ pé àgbẹ̀ nìkan ni a ń dáàbò bò kúrò lọ́wọ́ owó ara rẹ̀.

Ó yani lẹ́nu pé lórí ọ̀rọ̀ Bọ́ọ̀dù yìí, P. T. Bauer, tó kọ ìwé rẹ̀ lórí òwò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1954, àti Walter Rodney, tí ìwé tirẹ̀ jáde ní 1972, jọ dúró sí ìhà kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun mìíràn tí àwọn méjèèjì lè jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Bauer padà di ẹni tí a mọ̀ jù nínú àwọn tó ń tako ìrànlọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìjọba sí ìjọba. A kò tẹ̀lé e dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ti fi hàn pé wọ́n gba ju bó ti yẹ lọ lọ́wọ́ àgbẹ̀ ti sọ ìdajì gbólóhùn. Ìdajì kejì ni bí a ó ṣe san án.

Nígbà Tí Bọ́ọ̀dù Di Tiwa

Ìdí mìíràn wà tí a kò fi lè dá gbogbo ẹ̀bi lé òkè òkun. Ní 1954, a pín Bọ́ọ̀dù sí ẹkùn ẹkùn, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló sì gba ìpín tó pọ̀ jù nínú owó ìpamọ́. Àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí ló wà lórí àga nígbà náà. Wọn kò dá owó náà padà fún àgbẹ̀. Wọn kò sì jáwọ́ nínú gbígbà á. Wọ́n ṣe ohun rere púpọ̀. Nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955, iye ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti 456,600 ní 1954 sí 811,432. Bóyá lára àwọn àgbà olùkọ́ tó jókòó níhìn-ín wà nínú àwọn ọmọ náà. Owó kòkó ló rán wọn lọ, kì í ṣe owó òkè òkun.

Ṣùgbọ́n ní 1962, Ìgbìmọ̀ Coker, tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ láti wádìí àwọn àjọ ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, rí i pé owó ńlá ti kúrò nínú àpò Bọ́ọ̀dù lọ sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ National Investment and Properties Company, tó sún mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń ṣe ìjọba. A mọ̀ pé ìjà òṣèlú wà nínú ìdásílẹ̀ ìgbìmọ̀ náà. Síbẹ̀ ìjà òṣèlú kò kún àpò tó ti gbẹ. Nígbà tí iye kòkó wó ní ọjà ayé ní 1965, ọdún tí wọ́n ní a tìtorí rẹ̀ dá Bọ́ọ̀dù sílẹ̀ dé, iye tí a ń san fún àgbẹ̀ ni a gé lulẹ̀. Yorùbá ní ẹni tí a bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ nínú rẹ̀. A lo òwe náà fún òyìnbó. Ó tọ́ kí a lò ó fún ara wa pẹ̀lú. A kò pa àwọn Bọ́ọ̀dù wọ̀nyí rẹ́ títí di 1986.

Gbèsè Tàbí Ọrẹ

Ní 1970, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò pé kí orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ya ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ìrànlọ́wọ́. Díẹ̀ ló ṣe é. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di òfin ní 2015, ó dín in kù sí 0.5 ní 2021, ó sì kéde ní 2025 pé òun yóò mú un wá sí 0.3 nígbà tí yóò bá fi di 2027. Ní 2025 kan náà ni Amẹ́ríkà ti àjọ USAID pa. Bí ìrànlọ́wọ́ bá jẹ́ ọrẹ lásán, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀, nítorí ẹni tó ń tọrẹ lè dáwọ́ dúró nígbà tó bá wù ú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀ràn 2005 wé èyí. Ní ọdún náà, àwọn orílẹ̀-èdè tí Nàìjíríà jẹ ní gbèsè nínú ẹgbẹ́ Paris Club gbà láti fa nǹkan bí dọ́là 18 bílíọ̀nù yọ, lẹ́yìn tí Nàìjíríà gbà láti san nǹkan bí dọ́là 12 bílíọ̀nù. Èlé àti owó ìtanràn lórí àìtètèsan wà nínú gbèsè náà lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìdáríjì ni wọ́n pe èyí tí wọ́n fà yọ. Nígbà tí pọ́n-ùn joro ní 1949 lọ́wọ́ ẹni tó yáwó, kò sí owó ìtanràn, kò sì sí ẹni tó tọrọ ìdáríjì.

Nítorí náà, ìdáhùn wa sí ìbéèrè àpérò yìí ni bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ kí wọ́n san nǹkan, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórúkọ àánú. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ ló jẹ wá, kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí a nílò ni wọ́n jẹ wá. Níbi tí ìwé owó bá ti fi hàn pé a lo owó àwọn tálákà láti gbé ọlọ́rọ̀ dúró, gbèsè ni kí a pè é, kí a sì jókòó ṣírò rẹ̀. Ìṣòro tó kù ni ẹni tí a ó san án fún. Bí a bá san án fún ìjọba lásán, ìtàn Bọ́ọ̀dù lẹ́yìn 1954 ti fi ibi tí ó lè gbà hàn wá.

Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn ti sọ̀rọ̀ lórí èyí rí. Ní ìparí 1968, ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Ìbàdàn, ó sì ràn kálẹ̀. Tafa Adéoyè ará Akànràn wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Ní 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀, kí ìjọba tó gbà láti dín owó-orí kù sí £2. Nínú ohun tí wọ́n bèèrè, a kò rí ìrànlọ́wọ́. Wọ́n ní kí owó-orí wálẹ̀, kí a kó àwọn agbowó-orí tó ń fìyà jẹ wọ́n kúrò, kí a tún ọ̀nà abúlé ṣe, kí a sì san iye tó tọ́ lórí kòkó.